Ta Ni Lámúrúdu? Àgbéyẹ̀wò Orúkọ àti Ìran Ẹni Tí A Pè Ní Bàbá Odùduwà

Bí ènìyàn bá dúró sí Àgùdà ní Surulere, tó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń kọjá pé ta ni bàbá Odùduwà, ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ka ìtàn Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé Lámúrúdu ni. Bí ó bá wá tẹ̀ síwájú, tó béèrè pé ta wá ni Lámúrúdu, ohùn á pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Àáfà á ní Namúrúdù ni, ọba aláìgbàgbọ́ tó ní kí wọ́n ju Ànábì Ibrahim sínú iná, tí ẹ̀fọn sì gba imú wọ agbárí rẹ̀ títí ó fi kú. Pásítọ̀ á ní Nímírọ́dù inú Jẹ́nẹ́sísì ni, ọdẹ alágbára, ọmọ Kúṣì. Ẹni tó dàgbà sí ìdí Ifá á ní òun kò mọ Lámúrúdu kankan rí. Ẹ̀wọ̀n ni Odùduwà fi rọ̀ láti òde ọ̀run sí Ilé-Ifẹ̀.

Ẹnì kan náà ni àáfà àti pásítọ̀ ń sọ. Lámúrúdu inú ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ wa, Namúrúdù inú wáàsí àti Nímírọ́dù inú Bíbélì, orúkọ kan ni wọ́n. Ìyẹn ni pé ẹni tí a fi ṣe bàbá ńlá gbogbo ọmọ káàárọ̀-oò-jíire jẹ́ ẹni tí ìwé mímọ́ àwọn Hébérù dárúkọ léréfèé, tó sì kọjá lọ. Báwo ló ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Ọmọ ta ni? Kí ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí? Ṣé ó sì yẹ kí a máa kọ́ àwọn ọmọ wa pé òun ni orísun wọn? Àwọn ìdáhùn tó wà nílẹ̀ pọ̀, ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan, kí a tó sọ èyí tí a gbà.

Nímírọ́dù nínú ìwé àwọn Hébérù

Ìwé mẹ́ta péré ni orúkọ Nímírọ́dù ti jẹ yọ nínú Bíbélì: Jẹ́nẹ́sísì orí 10, Kíróníkà Kìíní orí 1 àti Míkà orí 5. Ti Jẹ́nẹ́sísì ló gùn jù. Níbẹ̀ la ti gbọ́ pé Kúṣì ọmọ Hámù ló bí i, pé ó di alágbára ní ayé, pé ọdẹ ni débi pé wọ́n ń fi í pòwe, àti pé Bábélì, Érékì, Ákádì àti Kálínè ní ilẹ̀ Ṣínárì ni ìjọba rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tó kan Nínéfè àti Kálà ní Asíríà. Kíróníkà tún ìran rẹ̀ sọ ní ṣókí. Míkà ní tirẹ̀ ka Asíríà sí ilẹ̀ Nímírọ́dù. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. A kò gbọ́ orúkọ ìyá rẹ̀, a kò gbọ́ ti ìyàwó, a kò gbọ́ ti ọmọ, a kò sì mọ bó ṣe kú. Ilé ìṣọ́ Bábélì tí ọ̀pọ̀ ìwàásù ń kà sí i lọ́rùn, orí 11 ni ìtàn rẹ̀ wà, kò sì sí orúkọ Nímírọ́dù níbẹ̀ rárá.

Ní ti ìtumọ̀ orúkọ náà, ọ̀tẹ̀ ni àwọn olùkọ́ Júù ìgbàanì rí nínú rẹ̀. Kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta, m, r àti d, ni gbòǹgbò tí èdè Hébérù fi ń sọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀. Bí a bá sì ka orúkọ náà bí ọ̀rọ̀-ìṣe, ó sún mọ́ kí àwọn ènìyàn kan máa wí pé àwọn yóò ṣọ̀tẹ̀. Talmud ti Bábílónì gbá ìtumọ̀ yìí mú, ó sì ní òun ló mú kí gbogbo ayé ṣọ̀tẹ̀ sí Ọlọ́run. Àwọn onímọ̀ òde òní kò fọwọ́ sí i tó bẹ́ẹ̀. Lójú tiwọn, orúkọ àjèjì ni, tí àwọn Hébérù fi etí ara wọn gbọ́, tí wọ́n sì wá fún un ní ìtumọ̀ nínú èdè tiwọn. Àwọn kan ní Ninurta ni, òrìṣà ogun àti ọdẹ àwọn ará Mesopotamia, ẹni tí wọ́n kọ́ tẹ́ńpìlì ńlá fún ní Kálà. Àwọn mìíràn ní Sargon ọba Akkad ni, tàbí Naram-Sin ọmọ ọmọ rẹ̀, tàbí Tukulti-Ninurta Kìíní, ọba Asíríà. Kálà fúnra rẹ̀ ni àwọn Lárúbáwá ń pè ní Nimrud lónìí. Ibẹ̀ ni Layard ará Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í hú ní 1845, tí àwọn ISIS sì fi ohun abúgbàmù ba ààfin ibẹ̀ jẹ́ ní 2015.

Bàbá rẹ̀ náà dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Níbi púpọ̀ nínú Bíbélì, Kúṣì ni ilẹ̀ tó wà ní gúúsù Íjíbítì, èyí tí a ń pè ní Núbíà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú tí Nímírọ́dù jọba lé lórí, ibi tí Iraq wà lónìí ni wọ́n wà. Báwo wá ni ọmọ Núbíà ṣe dé Bábélì? Àwọn kan ní àwọn Kassite tó jọba ní Bábílónì ni Kúṣì yìí ń tọ́ka sí. Yigal Levin, onímọ̀ ará Ísírẹ́lì, dá a lábàá ní 2002 pé Kish, ìlú ọba àtijọ́ ní Mesopotamia, ló wà nídìí orúkọ náà. Ọ̀rọ̀ Kúṣì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún àwa Yorùbá, nítorí ẹnu ọ̀nà yìí ni Íjíbítì àti Núbíà gbà wọ inú ìtàn wa.

Bó ṣe di ọ̀tá Ibrahim

Jẹ́nẹ́sísì kò fi ìgbà kan mú Nímírọ́dù àti Ábúráhámù pàdé. Àwọn olùsọtàn tó dé lẹ́yìn ló mú wọn kojú ara wọn. Josephus, òpìtàn Júù tó gbé ayé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kìíní, kọ ọ́ pé Nímírọ́dù ló ti àwọn ènìyàn sídìí kíkọ́ ilé ìṣọ́ náà. Genesis Rabbah, ìwé àlàyé àwọn rábì, wá fi èyí tó dùn jù kún un. Ó ní oníṣòwò ère ni Térà bàbá Ábúráhámù. Lọ́jọ́ kan ó fi ọmọ sí ìdí ọjà, ọmọ gbé igi, ó fọ́ àwọn ère náà túútúú, ó sì ki igi bọ èyí tó tóbi jù nínú wọn lọ́wọ́, ó ní òun ló fọ́ àwọn yòókù. Wọ́n mú un dé iwájú Nímírọ́dù, ọba sì ní kí wọ́n jù ú síná.

Al-Kùránì náà sọ ìtàn fífọ́ ère yìí ní Súrà 21. Ní Súrà 6, ó pe bàbá Ibrahim ní Āzar. Ní Súrà 2, ó sọ̀rọ̀ nípa ẹni kan tí Ọlọ́run fún ní ìjọba, tó wá ń bá Ibrahim jiyàn. Kò dárúkọ ẹni náà. Àwọn onímọ̀ tó ń ṣàlàyé ló sọ pé Namrūd ni, tí wọ́n sì ní àáké ni Ibrahim fi kọ́ ọrùn ère tó tóbi jù. Púpọ̀ nínú wọn tún fi Kan‘ān, ìyẹn Kénáánì, sínú ìran rẹ̀, nígbà tí Bíbélì ní ọmọ Kúṣì ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ Āzar àti ti Kan‘ān sọ́kàn, àti àáké ọrùn ère náà. A ó tún bá wọn pàdé lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́.

Láti Sókótó dé Ọ̀yọ́

Ẹ̀rí kíkọ àtijọ́ tó lókìkí jù lọ tó so Yorùbá mọ́ Nímírọ́dù, Muhammad Bello ti Sókótó ló kọ ọ́, ọmọ Usman dan Fodio. Nínú Infāq al-Maysūr, ìwé tí wọ́n fi èdè Lárúbáwá kọ ní nǹkan bí 1812, wọ́n ní àwọn ará Yarba, ìyẹn Yorùbá, jẹ́ ìyókù àwọn ọmọ Kan‘ān, láti inú ẹ̀yà Nímírọ́dù. Wọ́n ní Ya‘rub ọmọ Qahtān ló lé wọn kúrò ní ilẹ̀ Lárúbáwá, tí wọ́n fi gba ìwọ̀-oòrùn wá láàárín Íjíbítì àti Ábísíníà, tí wọ́n ń fi àwọn ènìyàn sílẹ̀ níbi gbogbo tí wọ́n bá gbà kọjá. Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ Scotland, dé Sókótó ní 1824. Ó gba ẹ̀dà díẹ̀ nínú ìwé náà, wọ́n sì tẹ ìtumọ̀ rẹ̀ jáde ní London ní 1826, nínú ìwé ìrìn-àjò òun àti Denham. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ẹnikẹ́ni tó bá lè kàwé. Bí a bá wò ó, Kan‘ān tí àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù fi sínú ìran Namrūd ló padà wá di bàbá àwọn Yorùbá.

Ẹnìkejì ni Àlùfáà Samuel Johnson. Ní Hastings ní Sierra Leone ni wọ́n bí wọn ní 1846, ìdílé Aláàfin Abíọ́dún ni wọ́n sì ti ṣẹ̀. Wọ́n ṣe pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, wọ́n jókòó ti àwọn àrọ́kìn tó ń pìtàn fún Aláàfin, wọ́n sì parí The History of the Yorubas ní 1897. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́; Johnson kú ní 1901, àbúrò wọn, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tó kù, ó sì jáde ní 1921. Inú ìwé yìí ni orúkọ Lámúrúdu ti wọ ilé-ẹ̀kọ́.

Ìtàn tí Johnson gbọ́ nìyí. Lámúrúdu jẹ́ ọba ní Mẹ́kà. Odùduwà ni àrẹ̀mọ rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù ló di ọba Gogobiri àti Kúkáwà ní ilẹ̀ Haúsá. Odùduwà padà sí ìbọ̀rìṣà, ó sì sọ mọ́ṣáláṣí ńlá di ilé òrìṣà. Àwòrò rẹ̀, tó tún ń gbẹ́ ère, ń jẹ́ Asara. Asara bí ọmọ kan, Braima, tó jẹ́ Mùsùlùmí, tí bàbá rẹ̀ sì máa ń rán láti lọ ta ère. Nígbà tí àwọn ọkùnrin ìlú lọ sí igbó ọdẹ fún ọdún òrìṣà, Braima gbé àáké, ó fọ́ gbogbo ère náà, ó sì fi àáké kọ́ ọrùn èyí tó tóbi jù. Wọ́n bi í, ó ní kí wọ́n bi ère ńlá náà. Wọ́n ní ṣé ère ń sọ̀rọ̀ ni. Ó ní kí ló dé tí wọ́n fi ń bọ ohun tí kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n sun ún láàyè, wọ́n kó ẹgbẹ̀rún ẹrù igi jọ, àwọn Mùsùlùmí dìde, ogun bẹ́ sílẹ̀, wọ́n pa Lámúrúdu, wọ́n sì lé àwọn ọmọ rẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ ni Odùduwà ṣe dé Ilé-Ifẹ̀.

Kò sí ẹni tó bá mọ Súrà 21 tí kò ní dá ìtàn yìí mọ̀. Asara ni Āzar. Braima ni Ibrahim. Àáké ọrùn ère náà ni èyí tí àwọn alálàyé Al-Kùránì ti sọ. Lámúrúdu sì ni Namrūd, bí Johnson fúnra wọn ti sọ pé ẹnu ló yí Nímírọ́dù padà di Lámúrúdu tàbí Namurudu. Ìyípadà náà bá ìlànà èdè wa mu: Yorùbá kì í so kọ́ńsónáǹtì méjì pọ̀, fáwẹ́lì la sì máa ń fi parí ọ̀rọ̀, ní ti n àti l, a mọ̀ bí àwọn méjèèjì ṣe ń gba ipò ara wọn lẹ́nu wa. Odindi ìtàn Ibrahim ni wọ́n gbé kalẹ̀, tí wọ́n wá fi Odùduwà sí àárín rẹ̀.

Ohun kan tún wà nínú ìtàn náà tó ń tú àṣírí ọjọ́ orí rẹ̀. Kúkáwà tí wọ́n ní ọmọ Lámúrúdu jọba níbẹ̀, al-Kanemi ti Bornu ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1814. Ìtàn tó bá dárúkọ Kúkáwà, ó kéré tán, ẹnu àwọn ènìyàn ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ló ti gba ìrísí tó wà nínú ìwé Johnson. Nígbà yẹn, Mùsùlùmí ti pọ̀ ní Ọ̀yọ́, àwọn àáfà sì ń kàwé fún àwọn ọba àti ìjòyè.

Àwọn tó gbà á àti àwọn tó kọ̀ ọ́

Johnson kò gbé ìtàn náà mì lódindi. Wọ́n ní Yorùbá kò lè jẹ́ ọmọ Lárúbáwá, nítorí kò sí ìwé ìtàn Lárúbáwá kankan tó mọ irú ọba Mẹ́kà bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá dábàá tiwọn: Íjíbítì ti òkè tàbí Núbíà la ti wá, lábẹ́ Nímírọ́dù kan tó jẹ́ ajagunṣẹ́gun Íjíbítì. Ní ti ìwé mímọ́ tí ìtàn náà ní a gbà lójú ogun, tí wọ́n ń bọ ní Ifẹ̀ lábẹ́ orúkọ Ìdì, àwọn àrọ́kìn ní Al-Kùránì ni. Johnson ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Ìwé Mímọ́ àwọn Kristẹni. A kò lè dá wọn lẹ́bi. Àáfà tọ́ ìtàn sí ọ̀nà ìwé tirẹ̀, àlùfáà náà tọ́ ọ sí ọ̀nà tirẹ̀.

Àwọn mìíràn rìn lójú ọ̀nà náà. J. Olumide Lucas kọ̀wé ní 1948 láti fi hàn pé Íjíbítì ni ẹ̀sìn Yorùbá ti wá. Saburi Biobaku náà, nínú àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn ní 1955, wo apá ìlà-oòrùn, wọ́n sì dárúkọ Meroe ní Núbíà. Ní ọjọ́ àìpẹ́ yìí, Dierk Lange, òpìtàn ará Jámánì, jà fitafita pé àwọn tó sá kúrò nígbà tí ìjọba Asíríà wó lulẹ̀ ló dá Ọ̀yọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, àwọn òpìtàn tó gbà á kò pọ̀.

Ní òdìkejì, Ilé-Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ kò mọ Lámúrúdu. Ìtàn tibẹ̀ ní Odùduwà fi ẹ̀wọ̀n rọ̀, ó da iyanrìn sórí omi, àkùkọ tàn án ká. Ó sì ní Òkè Ọ̀rà ni ó gbà wọ Ifẹ̀. Àwọn òpìtàn bíi Ade Obayemi wo àwọn ìlú kéékèèké tó ti wà ní Ifẹ̀ kí Odùduwà tó so wọ́n pọ̀, wọ́n sì rí i pé ìtàn ìjọba ni ìtàn Odùduwà, pé àwọn ènìyàn ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́rìí. Ní Ihò Eléérú nítòsí Isarun ní Ìpínlẹ̀ Òndó, Thurstan Shaw àti àwọn tó bá wọn ṣiṣẹ́ hú agbárí ènìyàn ní 1965, tó ti ju ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ọdún lọ. Èdè náà jẹ́rìí. Ìdílé Niger-Congo ni Yorùbá wà, pẹ̀lú Ìgbò, Ẹ̀dó, Núpé àti Igala. Hébérù àti Lárúbáwá wà nínú ìdílé Afroasiatic. Bí a bá jẹ́ ọmọ Nímírọ́dù láti Bábélì, èdè wa ìbá ti sọ ọ́.

Ohun tó jọ mí lójú jù lọ ni èyí tí a lè rí nílùú Èkó níbí. Àgùdà ni a ń pe àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tí àwọn àti ọmọ wọn padà wá sí Èkó ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Títí di òní, da Silva, Pereira, da Rocha àti Salvador ń gbé láàárín wa. Ta ló máa rí da Silva l'Ékòó, tó máa sọ pé ará Portugal ni bàbá ńlá rẹ̀? Orúkọ náà ń sọ ọ̀nà tí ìdílé náà gbà kọjá, ọwọ́ ta ni wọ́n ti bọ́ sí, àti ìjọ tó rì wọn bọmi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Lámúrúdu ṣe jẹ́ nínú ìtàn wa. Ó ń sọ pé a bá àwọn onímọ̀ Lárúbáwá pàdé, pé a gbọ́ ìtàn wọn, pé a sọ ọ́ di tiwa. Kò sọ ẹni tó bí wa.

Ìdí tí a fi fẹ́ bàbá láti òkèèrè

Àwa nìkan kọ́. Àwọn Haúsá ní Bayajidda láti Baghdad ló wá sí Daura. Àwọn ará Borgu ní Kisra láti ilẹ̀ Lárúbáwá ni bàbá wọn. Ní ilẹ̀ Ìgbò, àwọn kan so Eri tó tẹ Aguleri dó mọ́ Eri ọmọ Gadi inú Jẹ́nẹ́sísì. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ní bàbá nínú ìwé mímọ́ ní ipò láàárín àwọn orílẹ̀-èdè tó ní ìwé. Ìdí tó ní ọlá ni.

Ṣùgbọ́n ọlá náà ní ẹ̀gún nínú. Nígbà tí Frobenius ará Jámánì rí àwọn ère Ifẹ̀ ní 1910, kò gbà pé Yorùbá ló ṣe wọ́n. Ó ní àwọn àjèjì láti Atlantis ni. Ní 1930, Seligman ará Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ọmọ Hámù tó wá láti òkèèrè ló mú ọ̀làjú wá sí Áfíríkà. Nígbà tí wọ́n hú àwọn orí idẹ Wunmonije jáde ní Ifẹ̀ ní 1938, àwọn kan tún ń wá ẹni tó kọ́ wa. Tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ wa pé láti Mẹ́kà tàbí Bábélì ni a ti wá, a ń ran irú àwọn Frobenius lọ́wọ́ láìmọ̀.

Ìdájọ́

Èyí tí mo gbà nìyí. Nímírọ́dù jẹ́ orúkọ tí àwọn Hébérù gbà láti ilẹ̀ Mesopotamia, tí wọ́n fún ní ìtumọ̀ ọ̀tẹ̀. Àwọn rábì àti àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù sọ ọ́ di ọ̀tá Ibrahim. Sókótó àti àwọn àáfà Ọ̀yọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, Johnson sì fi ìwé sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ mọ̀. Kò sí ẹ̀rí kankan tó fi hàn pé òun ló bí Odùduwà. Nígbà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní London ní 1945, Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà ni wọ́n pè é. Odùduwà ni wọ́n dúró lé lórí. Ó tó.

Mo bẹ àwọn olùkọ́, àwọn tó ń kọ ìwé fún ilé-ẹ̀kọ́, àwọn àáfà àti àwọn pásítọ̀: ẹ má ṣe yọ Lámúrúdu kúrò nínú ìtàn, nítorí ó ní ohun tó ń kọ́ wa nípa bí ìmọ̀ ṣe ń rìn. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ọmọ náà pé ìtàn tí Johnson gbọ́ ní Ọ̀yọ́ ni, kí ẹ sì sọ ti Ifẹ̀ fún un pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ ní bàbá tàbí ìyá àgbà tó mọ ìtàn bí a ṣe tẹ ìlú yín dó, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Inú àwọn ìtàn bẹ́ẹ̀ ni a ó ti rí ìdáhùn tó péye sí ibi tí a ti wá, kì í ṣe inú orúkọ ọba Bábélì.